Wọ́n ní kí n wá bá wọn dúró sí ìkóríta ní Bengaluru: ṣé ẹni tí kò ní àṣẹ lè tọ́ awakọ̀ sọ́nà?

Ọmọ Ìdíkàn béèrè:

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, mo kí yín o. Bengaluru, olú-ìlú ìpínlẹ̀ Karnataka ní orílẹ̀-èdè Íńdíà, ni mo ti ń kàwé gboyè kejì, mo sì ti lo ọdún kan ó lé níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ojú pópó ni mo gbé wá, nítorí mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti pẹ́ ní ìlú yìí jù mí lọ.

Ilé-ìwé àwọn ọmọdé kan wà ní ìkóríta tó sún mọ́ ilé tí mo gbà. Láti aago mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún títí di aago mẹ́sàn-án àárọ̀, ibẹ̀ kì í gbẹsẹ̀: bọ́ọ̀sì ilé-ìwé, áútò ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí àwa ń pè ní Márúwá, ọkọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó ń sáré lọ sí ọ̀nà ńlá Outer Ring Road, àti ọ̀kadà òun sikútà tí kò lóǹkà. Iná adarí ọkọ̀ wà níbẹ̀, nọ́ńbà tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá sẹ́yìn sì wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá ti ku ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún kí iná pupa kúrò, gbogbo họ́ọ̀nù á dún lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn ọ̀kadà tó wà níwájú á sì ti kọjá ìlà funfun tí àwọn ọmọ fẹ́ gbà sọdá.

Ẹgbẹ́ onílé àti ayálégbé àdúgbò wa ń wá àwọn tí yóò yọ̀ǹda ara wọn láti máa dúró níbẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, kí wọ́n wọ ẹ̀wù àwọ̀lékè tó ń dán yanran, kí wọ́n máa bẹ awakọ̀ láti dúró lẹ́yìn ìlà, kí wọ́n sì máa dá ọ̀kadà padà kúrò lórí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Mo bá wọn lọ lọ́jọ́ kan. Bàbá kan gun sikútà dé: ọmọkùnrin kan dúró síwájú rẹ̀ láàárín apá rẹ̀ méjèèjì, ọmọbìnrin kan jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú báàgì ìwé tó tóbi jù ú lọ, akoto bàbá náà kò sì sí lórí, apá ló fi í kọ́. Ọ̀nà òdì ló gbà wá, ó sì gun orí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ní tààrà. Mo na ọwọ́ láti dá a dúró. Ó wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, ó sọ ohun kan ní èdè Kannada tí n kò gbọ́, ó yà fún mi, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Ọmọbìnrin ẹ̀yìn yẹn ló yíjú padà tó ń wò mí títí wọ́n fi wọ géètì.

Ìbéèrè mi rèé. A kò lè mú ẹnikẹ́ni, a kò lè bu owó ìtanràn lé ẹnikẹ́ni, ọ̀pọ̀ nínú àwọn awakọ̀ náà sì ju bàbá mi lọ lọ́jọ́ orí. Ṣé irú wa lè tún ìwà awakọ̀ ṣe, àbí ńṣe ni a kàn ń fi ara wa ṣe ìran?

Àgbà Whitefield fèsì:

Àbúrò mi, o kú iṣẹ́. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń gbé ìlú yìí, ó sì ti di ọdún kẹta tí èmi àti àwọn aládùúgbò mi ti ń dúró sí ìkóríta kan ní apá Whitefield ní àárọ̀, nítorí náà ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ó wà fún. Kò ní dín sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ kù. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ fi fèrè tú Silk Board ká, níbi tí Hosur Road àti Outer Ring Road ti ń pàdé, ẹ jẹ́ kó lọ sùn. Ohun tí ọwọ́ wa lè tó kò ju nǹkan kékeré mélòó kan lọ: ìlà ìdúró, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, géètì ilé-ìwé, àti ogún ìṣẹ́jú àáyá tí arúgbó nílò láti fi sọdá.

Ní ti àṣẹ tí o ń sọ, ó ti pẹ́ tí ọlọ́pàá ojú pópó ìlú yìí ti ń lo àwọn ará ìlú tí wọ́n ń pè ní traffic warden. Dókítà wà nínú wọn, oníṣòwò wà nínú wọn, ẹni tó ti fẹ̀yìntì wà nínú wọn, wákàtí díẹ̀ lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń fi sílẹ̀, wọn kì í sì í gba kọ́bọ̀. Mo ti bá díẹ̀ nínú wọn dúró, mo sì rí i pé kì í ṣe aṣọ ni awakọ̀ ń gbọ́ràn sí lẹ́nu. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Awakọ̀ áútò tó ń gba ìkóríta kan náà kọjá ní aago mẹ́jọ àárọ̀ ojoojúmọ́ kì í ṣe àjèjì sí ọ, ìwọ náà kò sì ní pẹ́ di ojúlùmọ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní á bú ọ. Lọ́sẹ̀ kejì á ṣe bí ẹni tí kò rí ọ. Bí ó bá di ọ̀sẹ̀ kẹrin tí o ṣì ń dúró síbẹ̀, ìtìjú á bẹ̀rẹ̀ sí í mú un díẹ̀díẹ̀, á sì dá táyà rẹ̀ dúró sẹ́yìn ìlà láìjẹ́ pé o ti gbọ́wọ́ sókè. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé ẹni tó bá lè wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lóṣù, kó jókòó sílé. Ìpolówó ló ń ṣe, kì í ṣe iṣẹ́.

Jẹ́ kí n sọ bí a ti ń ṣe é, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Má ṣe na ìka sí ènìyàn. Gbé àtẹ́lẹwọ́ rẹ sókè sí ọ̀gangan àyà, kí ó kọjú sí awakọ̀, kí o sì rọra mì í sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì. Sọ pé "Anna, hinde hogi." Anna ni ẹ̀gbọ́n ọkùnrin ní èdè Kannada, bí ìgbà tí àwa bá ní bùọ̀dá, ọ̀rọ̀ tó kù yẹn ni pé kí wọ́n sún sẹ́yìn. Ìwọ náà mọ̀ pé ẹni tí a bá pè ní ẹ̀gbọ́n kì í fẹ́ràn láti ṣe bí ọmọdé lójú gbogbo ayé. Má ṣe dúró síwájú ọkọ̀ láé, ẹ̀gbẹ́ ni kó o wà. Má ṣe fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́ ọ̀kadà ẹnikẹ́ni, kódà bí o bá rí ọlọ́pàá tó ń ṣe é. Àwa tilẹ̀ ń lo okùn: ẹni kan di etí kan mú, ẹnìkejì di etí kejì, a nà án sí ẹnu ìlà funfun bí àwọn ọmọ bá fẹ́ sọdá, a sì sọ ọ́ sílẹ̀ kí iná tó di àwọ̀ ewé. Awakọ̀ tó lè fojú fo ọwọ́ rẹ kì í fẹ́ fi ara já okùn.

Wà á tún gbọ́ "swalpa adjust maadi" títí etí rẹ á fi kún. Ẹ̀bẹ̀ ni, pé kí o gba òun láàyè díẹ̀. Gbogbo Bengaluru ló ń fi gbolóhùn yẹn gbé ara wọn, nínú bọ́ọ̀sì, ní báńkì, ní ibi ìgbọ́kọ̀sí. Kì í ṣe ìwà burúkú, ṣùgbọ́n lórí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, àyè díẹ̀ tí ẹni kọ̀ọ̀kan ń tọrọ ló ń lé ẹlẹ́sẹ̀ sójú títì. Fi ẹ̀rín dá a lóhùn, má sì kúrò níbi tí o dúró sí.

Ayàwòrán-Ọ̀nà fèsì:

Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n wa, n kò sì sọ pé irọ́ ni wọ́n pa, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ètò ìrìnnà ni mo kọ́, ó sì ń dùn mí tí a bá ń ti ìwà síwájú nígbà tí ọ̀nà fúnra rẹ̀ jẹ̀bi.

Ní ọdún 2019, nígbà tí ilé-iṣẹ́ TomTom tó ń ṣe máàpù fún awakọ̀ to àwọn ìlú àgbáyé tí ìrìn ọkọ̀ ti le jù, Bengaluru ló wà ní ipò kìíní, pẹ̀lú ìdá 71 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìrìn tó yẹ kó gba ìṣẹ́jú 30 nígbà tí ọ̀nà bá dá ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú 51. Ẹni tó ti jókòó sínú irú ìdíwọ́ bẹ́ẹ̀ láràárọ̀ kò nílò ẹni tí yóò wá kọ́ ọ ní sùúrù.

Ẹ padà sọ́dọ̀ bàbá onísikútà yẹn. Kí ló dé tó fi gba ọ̀nà òdì? Wọ́n ti sọ ọ̀pọ̀ ọ̀nà ìlú yẹn di alápá kan, wọ́n sì fi kọnkéré dí àárín àwọn ọ̀nà ńlá, débi pé ẹni tí ilé rẹ̀ kọjú sí ilé-ìwé gan-an lè ní láti lọ jìnnà réré kó tó rí ibi tí yóò ti yí padà, kó sì tún rin iye kan náà bọ̀. Ọmọ méjì wà lórí sikútà, aago ti fẹ́ lù, ọ̀nà òdì kò sì ju ọgọ́rùn-ún mítà méjì lọ. N kò gbè é, ṣùgbọ́n ìṣirò rẹ̀ yé mi. Ẹ lọ sí St. Mark's Road tàbí Residency Road níbi tí wọ́n ti tún ọ̀nà ṣe, tí wọ́n fẹ ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, tí wọ́n gbé e ga, tí wọ́n sì ri òpó kéékèèké sí ẹnu rẹ̀. Òpó kì í rẹ̀wẹ̀sì, kì í sì í béèrè ẹ̀wù àwọ̀lékè.

Àwọn kan á ní kí a fi owó ìtanràn kún un. Wọ́n ti fi kún un. Òfin ìrìnnà tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù September 2019 gbé ìtanràn ẹni tí kò dé akoto láti 100 rúpìì sí 1,000, ariwo sì pọ̀ débi pé ìjọba Karnataka dín àwọn kan kù nínú oṣù yẹn kan náà. Gbèsè ìtanràn ń gorí ara wọn títí di oṣù February 2023, tí wọ́n fi ní kí àwọn onígbèsè wá san ìdajì péré. Ènìyàn rọ́ wá, owó tó wọlé láàárín ọjọ́ díẹ̀ sì ju bílíọ̀nù kan rúpìì lọ. Owó ìtanràn tí ènìyàn lè fi sílẹ̀ títí ìjọba á fi ta á ní ìdajì iye kì í ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù lọ́jọ́ tó fẹ́ gba ọ̀nà òdì.

Ẹ jẹ́ kí n rántí ọ̀kan tó pa mí lẹ́rìn-ín. Ní Mumbai, bí a ti gbọ́ ọ ní oṣù January 2020, ọlọ́pàá so ẹ̀rọ tó ń wọn ariwo mọ́ iná adarí ọkọ̀: bí họ́ọ̀nù àwọn tó ń dúró bá ti ju 85 decibel lọ, nọ́ńbà iná pupa á bẹ̀rẹ̀ láti orí rẹ̀ padà. Bí ìkóríta Ọmọ Ìdíkàn bá ní irú rẹ̀, wọ́n lè wà níbẹ̀ di ọ̀sán.

Àgbà Whitefield fèsì:

Ayàwòrán-Ọ̀nà, o sọ òótọ́ nípa òpó, èmi náà sì fẹ́ òpó. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí a ti kọ̀wé béèrè fún òpó sí ọjọ́ tí wọ́n máa rì í, àwọn ọmọ ń lọ sílé-ìwé láràárọ̀. Ní Ghaziabad lẹ́bàá Delhi, ìyá kan wà tí ìjàǹbá ọkọ̀ pa ọmọbìnrin rẹ̀ ní ìkóríta kan. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ìyá yẹn fi ń jáde ní àárọ̀ pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́, tó ń darí ọkọ̀ ní ìkóríta yẹn gan-an, títí gbogbo awakọ̀ ibẹ̀ fi mọ̀ ọ́n. Èwo ni ká ní kó dúró dè?

Ìyá Ìbejì fèsì:

Ẹ̀yin ọkùnrin ti sọ̀rọ̀ okùn àti òpó, kò sì sí ẹni tó mẹ́nu ba fọ́tò, bẹ́ẹ̀ òun ni àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ àdúgbò á kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yà. Ọdún 2010 ni ọlọ́pàá ojú pópó Delhi ṣí ojú-ewé Facebook, tí àwọn ará ìlú sì ń da fọ́tò awakọ̀ tó rú òfin síbẹ̀. Wọ́n fi ọ̀pọ̀ nínú wọn bu owó ìtanràn lé ènìyàn, mọ́tò ọlọ́pàá fúnra wọn sì wà lára àwọn tí wọ́n yà. Ní Bengaluru, wọ́n gbé áàpù Public Eye jáde ní ọdún 2015 fún irú iṣẹ́ yìí: o ya ọkọ̀ náà kí nọ́ńbà rẹ̀ hàn, o yan ẹ̀ṣẹ̀ tó ṣẹ̀, o sì fi ránṣẹ́.

Mo gbà pé ó wúlò fún ọkọ̀ tí wọ́n gbé sílẹ̀ sórí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó ń bá ọkọ̀ tí kò ní awakọ̀ jà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wọ ẹ̀wù àwọ̀lékè, tó ń bẹ ènìyàn, kò gbọ́dọ̀ gbé fóònù sókè sí wọn nígbà kan náà. Tí o bá ya ọ̀kan péré, gbogbo àwọn tó mọ̀ ọ́ lójú á bẹ̀rẹ̀ sí í rí ọ bí amí, ojú tí ẹ̀gbọ́n wa sọ yẹn á sì bàjẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ kan. Àṣìṣe tún wà ńbẹ̀. Wọ́n fi ìtanràn ránṣẹ́ sí ọkọ mi nígbà kan nítorí fọ́tò ọ̀kadà tí kì í ṣe tiwa. Lẹ́tà kan nínú nọ́ńbà náà ni wọ́n kà sí òmíràn. Ìrìn àti àlàyé tí a ṣe kí wọ́n tó pa á rẹ́ ju owó náà lọ.

Ọ̀rọ̀ kejì tí mo fẹ́ bá ọ sọ, Ọmọ Ìdíkàn, bí ìyá ni mo ṣe ń sọ ọ́. Ìwọ kì í ṣe ọmọ ibẹ̀. Ní ìparí oṣù January 2016, ọkọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Sudan kan gbá obìnrin kan pa ní ìgbèríko Bengaluru. Ọmọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Tanzania ló dé ibẹ̀ lẹ́yìn náà nínú ọkọ̀ tirẹ̀, kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, ni àwọn èrò bá ya bò ó, wọ́n lù ú, wọ́n sì dáná sun ọkọ̀ rẹ̀. N kò sọ ọ́ láti ba ìlú náà jẹ́, nítorí mo ti rí oore púpọ̀ níbẹ̀. Mo sọ ọ́ kí o má bàa jẹ́ ẹni tó máa kọ́kọ́ na ọwọ́ dá ènìyàn dúró. Jẹ́ kí ẹni tó gbọ́ èdè máa sọ̀rọ̀, kí ìwọ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Bí ìjàǹbá bá wá ṣẹlẹ̀ lójú yín, ẹ má sá. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Íńdíà ti fi àṣẹ sí i ní ọdún 2016 pé a kò gbọ́dọ̀ da ẹni tó gbé ènìyàn tó fara pa lọ sílé ìwòsàn láàmú, òfin ọdún 2019 sì tún fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ẹni 168,491 ni ìjàǹbá ojú pópó pa ní orílẹ̀-èdè yẹn ní ọdún 2022, àwọn tó wà lórí ọ̀kadà àti sikútà ló sì pọ̀ jù nínú wọn.

Ọlọ́nà Ìbàdàn fèsì:

Ọ̀rọ̀ kúkúrú ni tèmi. Nílé níbí, nígbà tí wọ́n dá FRSC sílẹ̀ ní ọdún 1988, tí Wọlé Ṣóyínká sì jẹ́ alága àkọ́kọ́, wọ́n fàyè sílẹ̀ fún àwọn ará ìlú tí wọ́n ń pè ní Special Marshal, tí wọn kì í gba owó oṣù. Ọ̀kan nínú wọn ni mí. Ohun tó ń gbà wá lójú ọ̀nà ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti káàdì tó ń fi ẹni tí a jẹ́ hàn. Kí ẹgbẹ́ àdúgbò rẹ gba ìwé lọ́dọ̀ àgọ́ ọlọ́pàá ojú pópó tó ni agbègbè yẹn kí ẹ tó dúró níbẹ̀ mọ́, kí ẹ sì fi ẹ̀dà rẹ̀ sápò. Lọ́jọ́ tí ẹnìkan bá bi yín pé ta ló rán yín, ẹ ò ní wá èsì tì.

Ọmọ Ìdíkàn fèsì:

Ẹ ṣé gan-an ni. Ó ti tó oṣù kan tí mo béèrè ọ̀rọ̀ yìí, ó sì yẹ kí n sọ ibi tó já sí.

Ẹgbẹ́ wa lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, wọ́n fún wa ní ìwé, wọ́n sì rán ẹnìkan wá kọ́ wa ní ìdajì ọjọ́. Ìyá olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìntì ni wọ́n pín èmi pẹ̀lú rẹ̀. Òun ló ń sọ̀rọ̀, èmi ló ń di okùn mú. Nítorí ohun tí Ayàwòrán-Ọ̀nà sọ, mo tún gbé ìwé kékeré kan dání tí mo fi ń fa ìlà fún gbogbo ọ̀kadà tó bá gba ọ̀nà òdì wọlé, mo sì ń kọ ibi tí wọ́n ti yà wá. N kò ya fọ́tò ẹnikẹ́ni.

Ìlà ìdúró ti dára díẹ̀, pàápàá lọ́dọ̀ àwọn áútò, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀gbọ́n Whitefield ti wí. Ariwo họ́ọ̀nù wà bó ṣe wà. Sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ náà kò yí padà rárá.

Bàbá onísikútà yẹn padà wá ní ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó kọjá, láti ọ̀nà òdì kan náà. Ìyá olùkọ́ pè é ní ọmọ, ó sì béèrè orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ kó tó sọ ohunkóhun mìíràn. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó sì ń ti sikútà náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, tó ń ráhùn pẹ̀lú gbogbo ẹnu rẹ̀. Ìyá túmọ̀ rẹ̀ fún mi: ó ní kí a wá wo bí ibi ìyípadà ti jìnnà tó, ó sì fi ìka han ọ̀gangan ibi tó yẹ kí wọ́n la kọnkéré àárín ọ̀nà sí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wà nínú lẹ́tà tí ẹgbẹ́ fẹ́ gbé lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìlú, òun náà sì ti ní òun máa fọwọ́ sí i.

Ọmọbìnrin rẹ̀ fẹ́ bá mi di etí okùn kejì mú lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n aago ilé-ìwé ti lù.